Iṣẹ́ Ọwọ́ Tí Mo Kọ́ Ọmọ Mi Láti Orí Fóònù

Òjò dídì tí mo kọ́kọ́ rí láyé mi, òwú ni wọ́n fi ṣe é. Nínú yàrá ìkàwé Praimárì Wán kan ní Ìkátẹ̀ ni, nínú oṣù Kejìlá, ọ̀sẹ̀ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ mẹ́rìndínlógún jókòó yí àwọn tábìlì kéékèèké ká, wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ òwú mọ́ pépà aláwọ̀ ojú ọ̀run. Àǹtí Yẹ́misí, olùkọ́ tó ni kíláàsì náà, ti ya ọkùnrin funfun kan tó sanra sójú pátákó láti inú ìwé tó ti òkè òkun wá, ó ní ọkùnrin òjò dídì nìyẹn, pé ìgbà òtútù la wà. Èmi wà lẹ́yìn, mò ń gé pépà. Ètè mi ti bẹ́ nítorí ọyẹ́, ẹ̀yìn ọwọ́ mi sì ti funfun bí ẹni tó fọwọ́ kan ẹfun.

Ọmọbìnrin kan béèrè bóyá nǹkan funfun tó bo mọ́tò dádì òun láàárọ̀ ọjọ́ náà ni òjò dídì. Àǹtí Yẹ́misí rẹ́rìn-ín, ó ní rárá, eruku ọyẹ́ ni. Ọmọ náà ní kí ló wá dé tí àwọn ò fi eruku ṣe tàwọn. Àǹtí Yẹ́misí ní kí wọ́n máa lẹ òwú wọn lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn bá mi délé.

Kétu ni mo ti wá. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ l'Ékòó, wọ́n á ní, àh, Kétu tó wà lọ́nà Máìlì Túwẹ́ẹ́fù. Mo á ní rárá, Kétu gangan, ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ní òdìkejì bọ́dà. Ojú wọn á yí padà díẹ̀. Wọ́n á ní, "Àgànyìn ni yín nìyẹn." Yorùbá ni mo fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ o. Yorùbá ni ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún. Àmọ́ ohùn tiwa lọ́hùn-ún yàtọ̀ díẹ̀, bí mo bá sì la ẹnu, àwọn tó ń ta ìpápánu níwájú ilé-ẹ̀kọ́ á máa wo ara wọn, wọ́n á ní kí n tún un sọ kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀wẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí ọmọ sọ Yorùbá. Òyìnbó ni wọ́n ń sọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Faransé ni wọ́n torí ẹ̀ gbà mí. Èmi ọmọ Yorùbá wá sí ìlú Yorùbá, èdè tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wa ni mo fi ń jẹun.

Bàbá ọmọ mi lọ sí Gàbọ́ọ̀nù nígbà tí oyún inú mi pé oṣù márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mejì ló pè. Lẹ́yìn náà, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Mo bímọ, mo sọ ọ́ ní Àṣàkẹ́, mo sì ń bá iṣẹ́ tí mò ń ṣe lọ ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Kétu, títí ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà fi kú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ta ilẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé Ajah ló ní kí n wá, pé gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tó wà ní Lẹ́kkí ló ń wá ẹni tó gbọ́ Faransé. Àṣàkẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà. Mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Bánkẹ́. Aránṣọ ni. Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ti wọlé ọkọ, kò tíì gbọ́ igbe ọmọ tirẹ̀. Mo sọ fún un pé ọdún kan péré ni. Ó ní kí n máa lọ, pé ọdún kan ò jìnnà.

Yàrá kan ni mo gbà ní Ìlàjẹ, ní Ajah. Àwọn bíríkìlà àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ irin ló pọ̀ nínú ilé náà, ọmọ Ọ̀ṣun, ọmọ Òkè-Ògùn, tí wọ́n ń lọ ṣiṣẹ́ ní apá Ìbẹ̀jú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti lọ. Ọ̀kan nínú wọn, Bàbá Sùlè, sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé ilé mọ́kànlélógún ni òun ti bá wọn kọ́ láti Ìkátẹ̀ títí dé Àwọyáyá, òun ò sì tíì sùn nínú ìkankan nínú wọn rí. Kò fi ṣe àròyé. Ó kàn sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye ọmọ tó bí. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ èmi àti tiẹ̀ kò jìnnà síra.

Àwọn ìpè àkọ́kọ́ sílé ló le jù. Ẹ̀gbọ́n mi á gbé fóònù sí etí Àṣàkẹ́, mo á ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?" Mi ò ní gbọ́ nǹkan kan. Mo á ní, "Ṣé o lọ sílé-ìwé?" Bákan náà ni. Ẹ̀gbọ́n mi á wá ní ó ń mi orí, pé ó ń dá mi lóhùn. Fóònù kì í gbọ́ mímì orí. Mo á sọ títí, ohùn mi á máa padà wá bá mi, mo á sì pa á. Mo á wá jókòó sórí ibùsùn, mo á máa wo ògiri.

Lẹ́yìn ọdún Kérésì yẹn ni mo lọ bá Àǹtí Yẹ́misí nípa eruku. Mo ní, ṣé a ò lè gbìyànjú ẹ̀, kí àwọn ọmọ ṣe ìgbà tó wà níta yìí gan-an. Ìjẹ̀bú ni, ẹni jẹ́jẹ́ ni, kì í yára sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. A kó wọn jáde sínú ọgbà. Igi furúùtù kan wà lẹ́bàá géètì, ewé rẹ̀ sì ti pọ́n, ó ń wọ́ sílẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe lásìkò ọyẹ́. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣa márùn-ún, kí ó tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù. A fi wọ́n sáàárín ìwé ńláńlá fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n lè gbẹ pẹrẹsẹ. A wá ya àkùkọ sórí pépà, a sì fi ewé pupa wọ̀nyẹn ṣe ìrù rẹ̀. Fún ilẹ̀ tí àkùkọ dúró lé, a fi ìka pa gọ́ọ̀mù, a sì bu eruku ojú fèrèsé gan-an lé e. Àwọn ọmọ náà dọ̀tí dé igbá àyà. Inú wọn dùn débi pé wọn ò fẹ́ lọ sílé.

Mo ya fọ́tò àkùkọ kan, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi lórí Wásáàpù. Kò pẹ́, ìpè wọlé. Ohùn tín-ín-rín kan ni mo gbọ́, kò sì kí mi. Ó ní, "Màmá, ìrù ẹ̀, kí lẹ fi ṣe é?"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Àṣàkẹ́ bá mi sọ láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Kétu nìyẹn.

Láti ọjọ́ yẹn lọ, gbogbo Sátidé ni mo ń ṣe fídíò fún un. Ohun tí a bá ṣe ní kíláàsì lọ́sẹ̀ náà, mo á tún un ṣe lórí tábìlì mi ní Ìlàjẹ, díẹ̀díẹ̀, mo á máa sọ ọ́ bí mo ṣe ń ṣe é. Nígbà àgbálùmọ̀, mo kọ́ ọ bí a ṣe ń fọ kóró rẹ̀, tí a ń sá a sóòrùn, tí a ń dì í ní mẹ́wàá mẹ́wàá láti fi ka òǹkà dé ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo kọ́ ọ láti fi òwú ṣe kùrukùru, kí ó fi òwú ìránṣọ so ẹ̀kán òjò rọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Mo gé ike omi sí méjì, mo fàlà sí i lára, mo ní kí ó gbé e síta, kí ó máa wo ibi tí omi dé bí òjò bá ti dá, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà àgbàdo, háhá ni a fi ṣe ọmọláńgidi. Irun orí àgbàdo ni irun rẹ̀, a sì fi okùn dì í ní ọrùn àti ní ìdí kí ó lè ní àyà àti yẹ̀rì.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí ó máa jókòó tì í. Sísọ́ọ̀sì ni, mi ò fẹ́ kí ó gé ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò lè so okùn kó mú. Ẹ̀gbọ́n mi pa ọjà Sátidé tì. Ó ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán, ó ń jókòó sílẹ̀ lórí ẹní pẹ̀lú rẹ̀. Mo ń rí ọwọ́ rẹ̀ nínú àwọn fọ́tò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ padà. Ọwọ́ kékeré kan, ọwọ́ ńlá kan, pépà láàárín wọn. Inú mi ń dùn sí àwọn fọ́tò yẹn. Mo tẹ̀ wọ́n jáde, mo sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri yàrá mi.

Ní ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀gá wa, obìnrin tó dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, kò kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Ó pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní òun gbọ́ pé mò ń jẹ́ kí àwọn ọmọ kó ìdọ̀tí wọ kíláàsì, pé kì í ṣe nítorí háhá àgbàdo ni àwọn òbí ṣe ń kó ọmọ wọn wá. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi ní ògiri kan ṣoṣo títí táàmù á fi parí. Ó gbà. A pín ògiri náà sí oṣù oṣù, a sì ń lẹ ohun tí ìgbà kọ̀ọ̀kan bá mú wá mọ́ ọn, ọyẹ́, àgbálùmọ̀, òjò, àgbàdo. Lábẹ́ oṣù kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ kọ iye ọjọ́ tí òjò rọ̀ àti bí omi inú ike ṣe ga tó.

Ní ọjọ́ tí àwọn òbí wá wo iṣẹ́ ọmọ wọn ní oṣù Keje, bàbá kan tó ń gbé nínú ẹ̀sítéètì tó wà lẹ́yìn wa wọlé pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Ó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ Òyìnbó bí gbogbo wọn ti ń ṣe. Ó dé iwájú ògiri náà, ó mú ọmọláńgidi háhá kan, ó yí i lọ, ó yí i bọ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ọmọ náà, ó sì yí èdè padà. Ó sọ fún un pé ìyá òun àgbà ní Ìwó máa ń ṣe irú èyí fún òun, pé ó máa ń fún un lórúkọ kó tó gbé e fún òun. Ọmọ náà béèrè orúkọ tó ń fún un. Bàbá náà ronú, ó ronú, kò rántí. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ọ̀gá wa dúró lẹ́yìn wọn, ó sì rí i.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọ̀gá wa ní kí n gba iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo kíláàsì kékeré. Ó tún ní mo lè mú ọmọ mi wá sí Praimárì Wán lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tó bá pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Mi ò rò pé ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo rìn láti ilé-ẹ̀kọ́ dé etí òkun Ẹlẹ́gúṣì, mo ṣa ìkarahun kún ọ̀rá kan, mo ń dá sọ̀rọ̀. Ọdún kan tí mo dá fún ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ pé, yóò sì kọjá, mo mọ̀. Mo ti lọ sílé lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Mo ń sọ fún ara mi pé ó ku díẹ̀, pé kí n tún un ṣe dáadáa ni.

Ìgbà tí ènìyàn bá wà nílẹ̀ àjèjì, ó máa ń rò pé ilé dúró síbi tí òun fi í sí. O ti mọ ibi tí àga wà, ibi tí ìkòkò wà. O ń bá àga àti ìkòkò yẹn sọ̀rọ̀ lọ́kàn rẹ. O ò mọ̀ pé wọ́n ti ṣí wọn nípò, wọ́n ti gbálẹ̀ ibẹ̀, wọ́n ti fi nǹkan mìíràn síbẹ̀, láìní ọ sínú, nítorí pé àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó.

Oṣù Kẹta tó tẹ̀lé e, a ṣe káàdì ọjọ́ ìyá. Ó rọrùn. Ọmọ á ki ọwọ́ bọ ọ̀dà, á tẹ̀ ẹ́ sí iwájú káàdì, ìka márààrún á di òdòdó. Nínú rẹ̀, mo ní kí kálukú ya ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń ṣe nǹkan tí ọmọ náà fẹ́ràn láti máa wò. Ọ̀kan ya ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń kun ojú níwájú dígí. Ọ̀kan ya tirẹ̀ níbi tó ti ń kírun. Èmi àti Àǹtí Yẹ́misí rẹ́rìn-ín títí.

Mo ṣe fídíò rẹ̀ fún Àṣàkẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi fi fọ́tò iwájú káàdì ránṣẹ́. Òdòdó mẹ́ta, pupa, ọwọ́ ọmọ mi, ó ti tóbi ju bí mo ṣe rò lọ. Mo ní kí ó fi inú rẹ̀ ránṣẹ́. Ó ní iná ti lọ, ilẹ̀ ti ń ṣú. Lọ́jọ́ kejì mo tún béèrè, ó ní fóònù ò ya á dáadáa. Mo ní kí á pè lórí fídíò nígbà náà.

Àṣàkẹ́ ló gbé káàdì náà sókè fúnra rẹ̀, tìdùnnú-tìdùnnú. Obìnrin kan jókòó nídìí máṣíìnì. Tépù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀. Àṣàkẹ́ ti fi pẹ́ńsù pupa ya ọ̀wọ́ òwú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sísàlẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà A tó dorí kodò.

Mo ní, "Ta nìyí?"

Ó ní, "Màmá ni."

Mo ní, "Màmá wo?"

Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí mi ò ti lè rí ẹni tó wà níbẹ̀. Ó tún wò mí. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Ó ní, "Màmá tibí. Ẹ̀yin ni Màmá Èkó."

Ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù. Ó ń sọ pé ọmọdé ni, pé kí n má dá a lóhùn, pé òun ti ń bá a wí. Mo ní kò burú. Mo ní káàdì náà dára, pé kí ó yìn ín. Lẹ́yìn tí mo pa fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í já àwọn fọ́tò tó wà lára ògiri mi wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ kékeré, ọwọ́ ńlá. Ọwọ́ tèmi kò sí nínú ìkankan.

Ní oṣù Kẹjọ, mo lọ mú un. Mi ò bá ẹ̀gbọ́n mi jà. Kí ni mo fẹ́ bá a jà sí? Ó ti kó ẹrù ọmọ náà jọ kí n tó dé. Mo ti fi fọ́tò yunifọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ wa ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ó sì ti rí aṣọ alápótí-àpótí tó jọ ọ́ ní ọjà, ó ti rán mẹ́ta. Ó tẹ́ wọn sórí ibùsùn fún mi, ó fi ọwọ́ tẹ́ ìṣẹ́tí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun fi nǹkan púpọ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀, kí n máa tú u bí ó bá ti ń ga. Ó sọ pé kì í jẹ ẹ̀wà tí kò bá ní gààrí. Ó sọ pé apá òsì ló máa ń fi sùn. Ó ń sọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì sunkún. Mo kàn ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bí akẹ́kọ̀ọ́.

Àṣàkẹ́ kò yọ mí lẹ́nu ní Ajah. Ì bá sàn ká ní ó yọ mí lẹ́nu. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á kúnlẹ̀ kí mi, á ká ẹní rẹ̀, á fi í ti ògiri. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á wá dúró níwájú mi, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè mu omi?" Omi inú ilé ìyá rẹ̀. Mo sọ fún un lọ́pọ̀ ìgbà pé kò nílò kó máa tọrọ. Á ní ẹ ṣé mà. Lọ́la, á tún tọrọ.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé, ó jókòó ní tábìlì iwájú nínú aṣọ tí ẹ̀gbọ́n mi rán. Òun ló mọ iṣẹ́ ọwọ́ ṣe jù. Ó ń gé pépà láìyà kúrò lójú ìlà, ó ń so okùn fún àwọn tó kù. Àǹtí Yẹ́misí ní ó hàn pé ọmọ mi ni. Kì í bá àwọn ọmọ ṣeré ní àkókò ìsinmi, torí pé Òyìnbó kò tíì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, bí ó bá sì sọ Yorùbá ti Kétu, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín yẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láti ọmọ ọdún méjì. Yóò ti jí kí n tó jí, yóò ti fọ ẹní náà fúnra rẹ̀, yóò sá a, yóò sì dúró tì í pẹ̀lú ọwọ́ tútù. Oúnjẹ rẹ̀ dín kù. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ara rẹ̀ le.

Ọjọ́ Àìkú kan ni mo wá gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo lọ pọn omi, mo sì fi fóònù sílẹ̀ fún un kí ó bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀. Mo ti padà dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ kí n tó gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ń tú jáde lẹ́nu ọmọ náà. Ó ń sọ nípa igi furúùtù, nípa Bàbá Sùlè tó ń húnrun, nípa bí òun ṣe rí òkun tó sì ń pariwo bí máṣíìnì. Ó rẹ́rìn-ín. Ó kọrin díẹ̀. Ó ní kí Màmá má tíì fún adìẹ tòun ní oúnjẹ, kí ó jẹ́ kí òun rí i. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Láti oṣù méjì tó ti wà lọ́dọ̀ mi, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti bá mi sọ, bí mo bá kó o jọ, kò tó èyí tó sọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn.

Mo dúró níta títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà ni mo wọlé. Ó dákẹ́, ó dìde, ó gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mi, ó ní ẹ kú iṣẹ́ mà.

Ní ìsinmi àárín táàmù, mo dá a padà.

Ẹ̀gbọ́n mi wà nídìí máṣíìnì nígbà tí a dé. Àṣàkẹ́ já lọ́wọ́ mi. Mi ò ní ṣe àlàyé bí wọ́n ṣe dì mọ́ra, torí pé mo wo ibòmíràn. Nígbà tí ọmọ náà ti lọ wo adìẹ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó wo àpò tó wà lẹ́sẹ̀ mi, ó sì yé e. Ó dìde nídìí máṣíìnì. Ó ní òun kò ní gbà á. Ó ní gbogbo Kétu á ní àgàn ló gba ọmọ àbúrò rẹ̀, pé òun kò sì gba ọmọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, Ọlọ́run gbọ́.

Mo kúnlẹ̀ fún un. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò gbà á. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé e fún yín. Gbogbo Sátidé ni mo ń gbé e fún yín."

Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A wà bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú ilẹ̀kùn.

Àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ náà máa ń tù mí nínú. Wọ́n á ní ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó sọ fún mi ibi tí ojú méjì yẹn máa ń wò lẹ́yìn náà. Mi ò tíì dárí ji ara mi. Ọjọ́ mìíràn wà tí mi ò dárí ji ẹ̀gbọ́n mi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Ó lè jẹ́ pé bí mo bá mú sùúrù fún oṣù mẹ́fà sí i, ọmọ náà ì bá ti yọ̀ mọ́ mi. Mi ò mọ̀. Mi ò lè fi í dán an wò. Kì í ṣe pépà tí ènìyàn lè gé, kó bàjẹ́, kó mú òmíràn.

Àwọn ọmọ tuntun ti wọ Praimárì Wán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò ń rọ̀ gan-an, omi ti kún ọgbà, a sì ń ká pépà ṣe ọkọ̀ ojú omi tí a fẹ́ tì sínú rẹ̀. Tọ́lá, ọmọbìnrin kan tó fẹ́ràn láti jókòó tì mí, ń wo ọwọ́ mi. Yorùbá ló fi bi mí, ó rẹ ohùn sílẹ̀ nítorí òfin ilé-ẹ̀kọ́.

Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ bímọ?"

Mo ní, "Mo bí ọ̀kan."

Ó ní, "Níbo ló wà?"

Mo tẹ etí pépà náà pọ̀, mo fi èékánná fà á kí ó lè dúró. Mo ní, "Ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀."

Ó mi orí, ó sì na ọwọ́ fún pépà míràn.